Ìmọ̀ràn Àǹtí Fọláyan

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ìròyìn dé sórí fóònù Tẹjúmádé pé yunifásítì ti gbà á wọlé láti wá kàwé gboyè másítà. Inú kíláàsì ló wà lásìkò náà, nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, ó ń kọ́ ọmọdébìnrin kan bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì aṣọ. Ó ka ìròyìn náà tán, ó tún un kà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà yọ sí yàrá kejì níbi tí Àǹtí Fọláyan wà. Bàbá tó bí i kò tíì gbọ́. Àǹtí Fọláyan ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Àǹtí, wọ́n ti mú mi o. Másítà yẹn, wọ́n ti mú mi.”

Fọláyan ń gé àwòrán ẹranko lára páálí. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n bó ṣe tú u sílẹ̀ báyìí, ohun tó sọ ni pé, “Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e síwájú Ọlọ́run ná. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Tẹjúmádé kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá mọ ohun tí obìnrin yìí jẹ́ sí i kò ní dá a lẹ́bi pé kò rí i.

Festac ni wọ́n bí Tẹjúmádé sí, Festac náà ló ti dàgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé, kó tó fẹ̀yìn tì, inú fúláàtì tó ti ń gbé láti ìgbà náà lòun àti ọmọ rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí ìyá Tẹjúmádé kú, tí ọmọ náà ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, Fọláyan ni olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Òun ló ń wá se ọbẹ̀ sílé wọn nígbà ọ̀fọ̀. Òun ló kọ́ ọmọ náà bí obìnrin ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ lóṣooṣù, ohun tí bàbá kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Nígbà tí Tẹjúmádé sì kàwé tíṣà tán, tó jókòó sílé láìríṣẹ́, Fọláyan ló fà á lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, tó ní, “Ọmọ mi nìyí. Ẹ fi í fún mi kó máa ràn mí lọ́wọ́.”

Iṣẹ́ tí Fọláyan ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà lásán. Òun ni olórí kíláàsì àkànṣe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn tàbí ọpọlọ wọn kì í bá ti ẹgbẹ́ wọn rìn pọ̀: ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í lè jókòó, ọmọ tí ariwo díẹ̀ máa ń bà lẹ́rù bí ẹni pé ilé ń wó. Ó ti pẹ́ tí Fọláyan ti gba másítà nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í jẹ olórí. Tẹjúmádé kò ní i. Sùúrù ló ní, àti ojú tó ń rí nǹkan.

Nítorí Ìkẹ́ ni gbogbo òbí ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá Ìkẹ́, Sẹ̀kínátù, jẹ́ télọ̀ ní Agboju. Nígbà tó mú ọmọ rẹ̀ wá, Ìkẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí, bí ènìyàn bá sì sún mọ́ ọn, yóò gé e jẹ. Tẹjúmádé kò fipá mú un. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, títí tó fi kíyè sí i pé ìgbà tí wọ́n bá ń da omi láti inú ife kan sí òmíràn nìkan ni ọmọ náà máa ń rọ̀, tí yóò sì máa kùn nínú ọ̀fun. Ibẹ̀ ló ti mú un. Omi ni wọ́n fi ń ṣeré, omi ni wọ́n fi ń kàwé. Nígbà tó di ọdún kejì, Ìkẹ́ nawọ́ sí ife, ó ní, “Omi.” Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò lè dìde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń yin Tẹjúmádé kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe ṣiṣẹ́; kò mọ ìdí tó fi ṣiṣẹ́. Ọmọ mìíràn wà, Adéjùwọ́n, tí òun náà kì í sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ló ṣe fún un, omi, ife, sùúrù, àfi bí ọmọ náà ṣe ń burú sí i, tó ń fi orí gbá ògiri, títí àwọn òbí rẹ̀ fi mú un kúrò. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò kúrò lọ́kàn Tẹjúmádé. Torí ẹ̀ ló ṣe wá másítà lọ, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi Àǹtí Fọláyan.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fọláyan pè é sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé gíláàsì sókè, ó tan ẹ́síì.

“Tẹjú, o mọ̀ pé mi ò lè tàn ẹ́.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Másítà yìí, èmi ni mo ní i, ìwọ lo fẹ́ ní i. Kí ló sọ mí dà? Àga kan náà la jọ ń jókòó lé. Èmi náà ni mo ń nu ìtọ́ ọmọ, èmi náà ni wọ́n ń gé jẹ. O rántí Bọ̀dá Gbádébọ̀ tó máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà kan? Èmi àti ẹ̀ la jọ ka ìwé náà. Trade Fair ló wà báyìí, ó ń ta pátì mọ́tò. Ó ní òun kábàámọ̀ ọjọ́ tí òun gbọ́ orúkọ kóòsì yẹn.”

Fọláyan yíjú sí i.

“Ta ló ka àwọn ọmọ wọ̀nyí sí nílẹ̀ yìí, ká má tíì wá sọ ti tíṣà wọn? O máa sáré láti Mile 2 dé yunifásítì títí ojú ẹ á fi jìn. Nígbà tó o bá parí, wọ́n á ní kó o lọ máa kọ́ Píráímárì Tú.”

“Mo ti rò ó, mà. Ọ̀rọ̀ Adéjùwọ́n ló ń jẹ mí lọ́kàn.”

“Adéjùwọ́n ti lọ.” Fọláyan di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, o lè jù ú nù. Àmọ́ mo ti gbààwẹ̀ sí i. Kò sí àlàáfíà lọ́kàn mi rárá. Ohun tí Ẹ̀mí ń sọ fún mi ni pé kó o dúró. Ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọwọ́ ẹ ṣe, kò sí nínú ìwé yẹn.”

Wọ́n gbàdúrà pọ̀ nínú mọ́tò náà. Tẹjúmádé sunkún, ẹkún ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju òun lọ. Ó jẹ́ kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ kọjá, àyè náà sì bọ́.

Nígbà tó wá sọ fún bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú, ó wò ó. “Wọ́n gbà ẹ́ wọlé, o jẹ́ kó bọ́, èmi ò sì gbọ́?”

“Àǹtí ní ká gbàdúrà sí i, sà.”

Bàbá kò bá a jà. Ó kàn ní, “Àdúrà tí wọ́n ní kí bàbá ẹni má gbọ́, irú àdúrà wo nìyẹn?” Ọ̀rọ̀ náà bí Tẹjúmádé nínú. Ó rò pé bàbá ń jowú ni.

Ó tó bí ọdún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó tú. Sáà kẹta ti ń parí lọ, àwọn ọmọ ti ń gbàgbé ìwé, òjò ń rọ̀. Sẹ̀kínátù wá mú Ìkẹ́ lọ sílé. Ó ń so okùn bàtà ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà tó béèrè, bí ẹni ń béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀:

“Àǹtí Tẹjú, ìgbà wo la wá máa kó lọ?”

“Kó lọ síbo, Màmá Ìkẹ́?”

“Ibi tuntun náà ni. Ibi tí Àǹtí Fọláyan ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Agboju. Wọ́n ti kùn ún, ó wuyì.” Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ojú Tẹjúmádé. Ó dín ohùn kù. “Ẹ má bínú, ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ ni? Wọ́n ní ká má jẹ́ kí ọ̀gá yín gbọ́. Mo rò pé ẹ̀yin mọ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa mú Ìkẹ́ níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe gbà.”

“Wọ́n ní èmi gbà bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ bi wọ́n pé bí ẹ bá rí ibòmíràn lọ ńkọ́. Wọ́n ní ẹ ò ní lọ ibì kankan. Wọ́n ní ìwé kan wà tí ẹ fẹ́ lọ kà, pé àwọn á bá yín sọ̀rọ̀, ẹ máa fi í sílẹ̀.”

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?”

Sẹ̀kínátù ronú. “Ó ti pẹ́ o. Ìgbà tí Ìkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe omi.”

Tẹjúmádé bá wọn dé géètì, ó juwọ́ sí ọmọ náà, ó padà sínú kíláàsì tó ti ṣófo. Ìgbà tí Ìkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe omi, yunifásítì kò tíì dá a lóhùn. Kò tíì sí ààwẹ̀ kankan nígbà náà. Ẹ̀mí kò tíì sọ nǹkan kan. Fọláyan ti parí ọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e síwájú Ọlọ́run.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Fọláyan fi sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ránṣẹ́ pe Tẹjúmádé sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Ó ń yí bíírò lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

“Mo gbọ́ pé Àǹtí Fọláyan ń kó àwọn ọmọ kan lọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń bá a lọ?”

“Rárá, sà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni.”

“Ó dáa. Àmọ́ mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ ṣe kíláàsì náà mọ́. Kò sí ẹni tó ní ìwé ẹ̀. Ká ní o gbà nígbà tí mo ní kó o lọ kà á ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí.”

Tẹjúmádé rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Ẹ ní kí n lọ ka kí ni, sà?”

“Másítà náà. Mo rán Fọláyan sí ẹ lọ́dún tó kọjá. Mo ní a máa yọ̀ǹda ọjọ́ díẹ̀ fún ẹ lọ́sẹ̀, pé tó o bá ti parí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa darí ẹ̀. Ó padà wá bá mi, ó ní o ò fẹ́. Ó ní ìwọ àti àfẹ́sọ́nà ẹ ti ń ṣe ìwé Kánádà, pé o ò ní pẹ́ lọ.”

“Sà, mi ò ní àfẹ́sọ́nà. Mi ò tiẹ̀ ní pásípọ́ọ̀tù.”

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé gbé bíírò sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, ojú sì ti àwọn méjèèjì, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣe ohun tí kò dáa. “Ó yẹ kí n pè ẹ́ fúnra mi,” ni ọkùnrin náà sọ. “Àmọ́ mo rò pé ìyá ẹ ni mo rán.”

Ẹsẹ̀ ni Tẹjúmádé fi rìn wọ Festac lọ́jọ́ náà. Ó gba orí afárá kọjá, òṣíbàtà ti bo omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí i bóyá yóò wọlé, kò dá wọn lóhùn. Kì í ṣe irọ́ Kánádà ló dùn ún jù. Ọwọ́ yẹn ni, ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú nínú mọ́tò, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń fún un díẹ̀díẹ̀ bí àdúrà ṣe ń lọ. Ó ń wá ibi tí irọ́ ti wọ inú ọwọ́ náà, kò rí i. Bí ìyẹn bá sì jẹ́ irọ́, ọbẹ̀ ìgbà ọ̀fọ̀ ńkọ́? Orí tó bá a dì nígbà ìdánwò ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìgbà èwe rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òkúta mọ́.

Bàbá rẹ̀ wà níwájú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Tẹjúmádé jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ká ìwé ìròyìn náà pọ̀.

“Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mi ò sọ ọ́ láti fi dá ẹ lẹ́bi o. Èmi náà jẹ ọbẹ̀ ẹ̀ nígbà yẹn.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Tẹjúmádé lọ bá Fọláyan nílé. Páálí ló kún pálọ̀, ohun ìṣeré ọmọdé, àga kéékèèké, àwọn nǹkan tó ń lọ sí Agboju. Tẹjúmádé kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bó ti máa ń kí i.

“Tẹjú mi, dìde. Mo ti fẹ́ wá bá ẹ. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ dáa gan-an.”

“Mo ti gbọ́ ọ, mà. Màmá Ìkẹ́ ti sọ fún mi. Ọ̀gá náà ti sọ tiwọn.”

Fọláyan wá ibi jókòó láàárín àwọn páálí náà. Ó ní, “Káyọ̀dé yẹn, mo mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ. Tó o bá ti kàwé náà tán, èmi ló máa lé.”

“Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mà. Ǹ bá gbọ́.”

“O ò ní gbọ́. O ti ń fò. Gbogbo òbí tó bá wọ géètì yẹn, ìwọ ni wọ́n ń béèrè. Èmi ni mo ní ìwé, ìwọ ni wọ́n ń béèrè. Tó o bá wá gba ìwé mọ́ ọn, kí ni wọ́n tún máa fi mí ṣe? Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Tẹjú. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Agboju yìí nìkan ni mo ní, mi ò sì lè dá a ṣe láìsí ẹ.”

Ó dà bíi pé òtítọ́ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọdún kan nìyẹn. Òun gan-an ló ká Tẹjúmádé lára jù. Bí Fọláyan bá ti sọ báyìí nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, bóyá ì bá ti fi ìwé náà sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

“Kí ẹ ní kí n má lọ, ìyẹn ò burú,” ló wí. “Kí ẹ ní owó ò sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ ní Ẹ̀mí ló sọ ọ́.”

Fọláyan ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ṣé ó sọ ọ́, mà?”

“Mo gbàdúrà lóòótọ́.”

“Mi ò bi yín ìyẹn, mà.”

Ìdáhùn kò wá. Tẹjúmádé dúró dè é. Bó ti ń dúró ló yé e pé ohun tí òun ń fẹ́ ni kí obìnrin náà tún parọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀mí sọ ọ́, kí òun lè rí nǹkan kan gbé padà sílé. Nígbà tí kò rí i, ó ní, “Ó dàbọ̀, mà,” ó jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ másítà náà wá dojú rú sí i lọ́wọ́. Kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ló fẹ́ ẹ, tàbí nítorí pé wọ́n fi dù ú ló ṣe ń dùn ún. Ìmọ̀ràn Fọláyan jẹ́ irọ́ láti ìdí wá, ṣùgbọ́n irọ́ lè fi òótọ́ bora. Bí ìwé náà kò bá wúlò lóòótọ́ ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè bi. Orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tí Fọláyan fúnra rẹ̀ dá, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Trade Fair.

Ó pẹ́ kó tó rí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Gbádébọ̀ láàárín àwọn tó ń ta táyà tírélì àti àwọn tó ń ta iná mọ́tò. Ọkùnrin náà ti hu ewú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Ó dá a mọ̀ nígbà tó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó fi aṣọ nu àga fún un.

“Bọ̀dá, wọ́n ní ẹ kábàámọ̀ pé ẹ ka ẹ̀kọ́ àkànṣe.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àǹtí Fọláyan.”

“Fọláyan.” Ó mi orí. “A ò tíì ríra láti ìgbà tí mo ti fi Festac sílẹ̀. Kí ló dé tó ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀?”

Tẹjúmádé kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun lọ ka ìwé náà, òun kò sì fẹ́ kí ó tu òun lójú.

“Kí n má parọ́ fún ẹ, owó ò sí níbẹ̀,” ni Gbádébọ̀ wí. “Ìyàwó mi ń ṣàìsàn nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù níbí, bí mo ṣe dé ibí nìyẹn. Níbi iṣẹ́ ọ̀hún, àwọn ènìyàn á máa bi ẹ́ pé ṣé iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ lo lọ kà ní yunifásítì. Ọ̀gá tó máa fi kún owó ẹ nítorí ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Tó bá jẹ́ ìyẹn lò ń wá, padà sílé.”

“Kì í ṣe ìyẹn, sà.” Ó sì sọ ọ̀rọ̀ Adéjùwọ́n fún un, bó ṣe ń da omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà láràárọ̀, tí ọmọ náà ń fi orí gbá ògiri. Oníbàárà kan dé, ó béèrè bírékì páàdì. Gbádébọ̀ ní kó ní sùúrù.

“Mi ò lè sọ̀rọ̀ ọmọ tí mi ò rí,” ló wí nígbà tó gbọ́ ọ tán. “Àmọ́ ohun tó dùn létí ọmọ kan, ó lè máa gún òmíràn létí bí abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ rò pé ò ń tù ú nínú ni, orí tó ń gbá mọ́ ògiri yẹn ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o jọ̀ọ́, kó o dá a dúró. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo ta pátì títí, mi ò gbàgbé ẹ̀. Bóyá ìyẹn tó ohun tó o lè torí ẹ̀ ná ara ẹ, ìwọ lo máa sọ.” Ó dìde lọ wá bírékì oníbàárà rẹ̀.

Tẹjúmádé jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́, òun ń da omi. Ní orí àga onírin yẹn ló ti mọ̀ pé òun yóò lọ ka ìwé náà, yálà wọ́n fi í dù òun tàbí wọn kò fi í dù òun.

Kò sí ohun tó rọrùn nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ti ti kíláàsì àkànṣe pa, nítorí àwọn ọmọ tó pọ̀ jù ti bá Fọláyan lọ. Ó ní ìgbà tí àyè wà ti kọjá, òun kò lè yọ̀ǹda ọjọ́ kankan mọ́. Ó fi Tẹjúmádé sí Píráímárì Tú, láìtíì ní másítà kankan. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni Tẹjúmádé fi lè máa lọ sí yunifásítì, ó sì tún gbogbo ìgbìyànjú náà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nígbà tí ìròyìn ìgbàwọlé tún dé, inú rẹ̀ kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Ó gbé fóònù lọ bá bàbá rẹ̀, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà kà á fúnra rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fọláyan ṣì ń darí àdúrà. Tẹjúmádé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, nígbà tí ohùn náà bá sì gòkè tó ń pe Ẹ̀mí, ẹnu rẹ̀ á kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan tó ń múra ilé ìwé, Sẹ̀kínátù pè é. Ìkẹ́ kò jẹun ní Agboju mọ́. Ó ti padà sí gígé ènìyàn jẹ, kò sì pe omi mọ́. Àwọn ọmọ ń wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Ṣé Àǹtí Tẹjú lè bá òun yà wò ó? Tẹjúmádé wo aago. Ó rò ó pé kí òun sọ pé rárá. Lẹ́yìn náà ó gba Agboju lọ.

Fọláyan ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti rù. Tẹjúmádé kúnlẹ̀ kí i, ó sì bá a lọ sínú, níbi tí Ìkẹ́ wà lábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà kò wò ó. Fáànù ńlá kan ń dún lókè bí ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Tẹjúmádé ní kí wọ́n pa fáànù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin náà wá jókòó, ó fi hàn án bí yóò ṣe jìnnà tó, bí yóò ṣe máa fi ife sílẹ̀ kí ó má sì máa nà án sí i lójú. Ó pẹ́ púpọ̀. Ìkẹ́ yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ náà kan omi. Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tuntun náà ló nawọ́ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Tẹjúmádé. Tẹjúmádé rí i, ó dìde jẹ́jẹ́.

Fọláyan sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ìgò omi tútù dání, ó nà án sí i. “Ọlọ́run á bù kún ẹ. Tẹjú, ṣé o ti dárí jì mí?”

“Mi ò tíì mọ̀, mà.” Kò gba omi náà. “Ẹ má tan fáànù yẹn mọ́ tí Ìkẹ́ bá wà níbẹ̀.”

Ó wọkọ̀ lọ sí Mile 2, ó tún wọ òmíràn. Olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tó dé kíláàsì. Obìnrin kan tó jókòó ní ọwọ́ ẹ̀yìn sún fún un, ó sì jẹ́ kó wo ohun tí wọ́n ti kọ. Nígbà ìsinmi, obìnrin náà ní òun ń gbé ní Sátẹ́láìtì, pé kò jìnnà sí Festac, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ máa kàwé.

“A lè máa gbàdúrà pọ̀ náà kí ìdánwò tó dé,” ni obìnrin náà wí, ojú rẹ̀ mọ́, kò ní ibi kankan lọ́kàn.

Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín sí i. “Ẹ jẹ́ ká máa kàwé ná,” ló wí.